Ìwé Tí Kò Dé Ọwọ́ Romeo

Lẹ́tà mẹ́ta ni ojú-ewé ìbéèrè àti ìdáhùn yìí rí gbà láti ìlú Ẹ̀pẹ́ lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwọn tó kọ wọ́n kò kò rárá, nítorí náà mo pinnu láti fi gbogbo àyè wa dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú di oṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà fẹ́ fi ọmọlangidi ṣe eré Romeo àti Juliet lédè Yorùbá ní ìparí sáà yìí, níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, láti orí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé orí àwọn òbí. Ọ̀gá wa obìnrin ní ká yí ìparí rẹ̀ padà, kí àwọn méjèèjì má kú, kí wọ́n ṣègbéyàwó, kí a jó, kí kálukú sì máa lọ ilé. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní tirẹ̀ dábàá pé ká gbé ìtàn náà wá sí Ẹ̀pẹ́ níbí, kí ìdílé kan jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́, kí èkejì jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí ọmọdé wo irú eré bẹ́ẹ̀?
Olùkọ́, Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ má ṣe yí ìparí eré náà padà. Ọ̀gá yín kò rò ó ní búburú, àánú àwọn ọmọ ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú àbá wọn tí kì í tètè hàn. Àwọn méjèèjì ti ṣègbéyàwó tipẹ́ kí eré náà tó parí. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pàdé níbi àríyá nílé Capulet, bàbá Juliet, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń bá ìdílé Montague, ìdílé Romeo, jà. Kí oòrùn Ọjọ́ Ajé tó wọ̀, àlùfáà Laurence ti so wọ́n pọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ sì máa fi mọ́, àwọn méjèèjì ti di olóògbé. Gbogbo ìtàn náà kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ìgbéyàwó kọ́ ni wọ́n wá tí wọn kò rí, bí kò ṣe òbí tí wọ́n lè fẹnu ara wọn sọ fún pé àwọn ti ṣe é.

Ọ̀gá yín kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú àánú bẹ́ẹ̀ ṣe. Nígbà tí Sergei Prokofiev, ará Rọ́ṣíà, kọ orin fún ijó tí wọ́n fẹ́ fi sọ ìtàn yìí ní ọdún 1935, ńṣe ló kọ́kọ́ dá Romeo àti Juliet sí, àlàyé rẹ̀ sì ni pé alààyè ló lè jó, ẹni tó ń kú lọ kò lè jó ní ìdùbúlẹ̀. Wọn kò gbà fún un, ikú náà sì ti padà sínú eré kí wọ́n tó gbé e jáde. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání fún oníjó. Ṣùgbọ́n ọmọlangidi kì í ṣe oníjó, kò sì sí òṣèré tó mọ ikú kú bí ọmọlangidi. Ènìyàn tó dùbúlẹ̀ lórí pèpéle ṣì ń mí, àwọn ọmọ tó jókòó níwájú a sì máa wo ikùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀, wọn a máa fi han ara wọn, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Bí a bá yọ ọwọ́ kúrò nínú ọmọlangidi, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ mọ́ ju aṣọ àti orí lọ. Ọmọdé á rí ikú náà gbangba, á sì mọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà pé aṣọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọmọlangidi lè gbé ìtàn yìí dé ọ̀dọ̀ wọn láìṣe wọ́n léṣe, ju bí àgbàlagbà tó kun ojú yóò ṣe lè gbé e dé lọ.

Ẹ tún wo bí ẹni tó ni eré ṣe ṣe é. Nǹkan bí ọdún 1595 ni Shakespeare, òǹkọ̀wé eré ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́, ọdún 1597 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì fi ikú náà pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìlà mẹ́rìnlá tó fi ṣí eré náà, ó ti sọ ọ́ tán pé àwọn olólùfẹ́ méjì yóò kú, àti pé ikú wọn ni yóò sin ìjà àwọn òbí wọn. Bí ààlọ́ ṣe rí nìyẹn. Ọmọ tó ti gbọ́ ààlọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mọ ibi tó ń lọ, síbẹ̀ yóò ní kí ẹ tún un pa, nítorí pé ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ló fẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí apìtàn yín sọ òpin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, kí onígángan fi ìlù tẹ̀ lé e, kí ara àwọn ọmọ lè ti balẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti èmi o, kì í ṣe ìfẹ́ ni mo máa fi ṣe ọ̀pá ìdúró eré yìí fún ọmọdé. Ìwé ni. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ: àlùfáà Laurence fún Juliet ní oògùn tí yóò mú kó dà bí òkú fún wákàtí 42, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mìíràn tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi ipá fún un, ó sì kọ ìwé sí Romeo, tí wọ́n ti lé kúrò nílùú lọ sí Mantua, kó lè wá gbé ìyàwó rẹ̀ nígbà tó bá jí. Àlùfáà John ni wọ́n fi ìwé náà rán. Àwọn aláàbò ìlera ìlú fura pé ilé tó wà ní àjàkálẹ̀ àrùn, wọ́n sì tì í mọ́ inú rẹ̀. Kò lè jáde, kò sì rí ẹni tó máa bá a gbé ìwé náà lọ, torí pé ẹ̀rù àrùn ń ba gbogbo ènìyàn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ Romeo, tó fi ojú ara rẹ̀ rí ìsìnkú, ti sáré dé Mantua láti sọ ohun tó rò pé òótọ́ ni, pé Juliet ti kú. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ìtàn yìí, òtítọ́ bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè má mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́ àárín ọkùnrin àti obìnrin, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí wọn kò rí rán níṣẹ́ rí, kò sì sí èyí tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò bá dé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé yẹn tóbi. Lọ́wọ́ ènìyàn, ìwé kékeré ni; lọ́wọ́ ọmọlangidi, ó lè tóbi tó àyà rẹ̀, kó funfun báláú, kí ẹ fi pupa sàmì sí i láàárín, kí ọmọ tó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá lè máa fi ojú bá a lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kí fèrèsé kan wà ní igun pèpéle tí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí bí ẹ̀wọ̀n, kí àlùfáà John wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà títí eré yóò fi parí, kó má kúrò níbẹ̀ kódà nígbà tí ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní àárín. Àwọn òbí tó bá rántí kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 kò ní béèrè bí ó ṣe jẹ́ pé àrùn lè dá ìwé dúró.

Bí ìwé náà bá ti jẹ́ ọ̀pá ìdúró, ohun tí ẹ máa gé kúrò yóò hàn fúnra rẹ̀. Ìran 24 ló wà nínú eré náà. Méje péré tó yín: ìjà àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, àríyá, fèrèsé Juliet, ìgbéyàwó, ìjà tó pa Mercutio, ọ̀rẹ́ Romeo, àti Tybalt, ìbátan Juliet, oògùn àti ìwé, àti ilé òkú. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀rín ní ìdajì àkọ́kọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Shakespeare ṣe kọ ọ́: ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín ló kún ẹnu Mercutio àti obìnrin tó ń tọ́jú Juliet, àfi ìgbà tí wọ́n pa Mercutio ni afẹ́fẹ́ yí. Ìran tí Romeo ti lọ ra májèlé lọ́wọ́ olóògùn ní ogójì owó wúrà, ẹ yọ ọ́ kúrò láìwẹ̀yìn. Ọmọdé kò nílò láti mọ ibi tí a ti ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tàbí iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ yọ ọ̀bẹ tí Juliet fi gún ara rẹ̀ kúrò pẹ̀lú.

Ibi tó le jù rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà á. Nínú ìwé eré, ọwọ́ ara wọn ni àwọn méjèèjì fi pa ara wọn. Mo ní kí wọ́n kú, n kò ní kí ẹ fi bí wọ́n ṣe kú han ọmọdé. Kí Romeo dé ẹnu ilé òkú, kó rí Juliet, kó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí aṣọ ìkélé wá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí márùn-ún. Bí aṣọ bá ṣí, kí àwọn méjèèjì wà ní ìdùbúlẹ̀, kí bàbá Montague àti bàbá Capulet dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí apìtàn sì sọ gbólóhùn kan péré: wọ́n ti kú, ìwé tí ì bá gbà wọ́n là sì wà lọ́hùn-ún. Kí gbogbo ojú wá yí sí fèrèsé àlùfáà John. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n ti lọ pàdé ní ọ̀run tí wọ́n ń gbádùn ara wọn, ẹ má sì fi orin dídùn sí i. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọmọlangidi lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ní Jàpáánì, ní ìlú Osaka, ní ọdún 1703, Chikamatsu Monzaemon kọ eré kan fún ọmọlangidi nípa olólùfẹ́ méjì tí wọ́n jọ pa ara wọn. Àgbàlagbà ni wọ́n ń ṣe é fún, ó sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ eré bíi tirẹ̀ fi tẹ̀ lé e, tí àwọn ènìyàn gidi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, títí ìjọba fi fòfin de irú eré náà ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ẹwà tí wọ́n fi ṣe ikú náà lọ́ṣọ̀ọ́ ló fa ọ̀ràn náà.

Ní ti àbá ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ dákun, ẹ má gbà á. Gbogbo ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló mọ bí ìlú yín ṣe di apá méjì: lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ forí lé, wọ́n sì bá àwọn Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ilé, dídé wọn sì ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún Káyókáyó títí di òní. Ìtàn ìlú nìyẹn, kì í ṣe ìjà ilé méjì, àwọn apá méjèèjì sì ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn. Nínú kíláàsì yín, ọmọ tí màmá rẹ̀ jẹ́ ti ìhín tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀hún yóò pọ̀ ju èyí tó jẹ́ ti apá kan lọ. Èwo ni ẹ fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ki ọwọ́ bọ̀, Montague ni tàbí Capulet?

Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹ bá fi orúkọ sí ìjà náà, ẹ ti ba ohun kan tó dára jẹ́ nínú eré yẹn. Shakespeare kò sọ ohun tó fa ìjà Montague àti Capulet fún wa níbì kankan, kò ju pé ìkùnsínú àtijọ́ ni. Àwọn ọmọ yóò béèrè, mo fi dá yín lójú. Wọn yóò ní, kí ni wọ́n ń jà sí gan-an? Kí apìtàn yíjú sí bàbá Montague, kó bi í. Kí ó yíjú sí bàbá Capulet, kó bi òun náà. Kí àwọn méjèèjì wo ara wọn, kí wọ́n họ orí, kí ẹnikẹ́ni má rántí. Ẹ fi ìtàn náà sílẹ̀ ní Verona ní Ítálì, ẹ fi aṣọ aláró wọ ilé kan, kí ilé kejì wọ àlàárì, kí gbogbo wọn máa sọ Yorùbá tó já gaara. (Ẹ má sì jẹ́ kí obìnrin olùtọ́jú yẹn máa sọ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú nítorí àtipa wá lẹ́rìn-ín, bó ti wù kó dùn tó, ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín yóò gbà wọlé yẹn.)

Ohun kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, nítorí pé ó ti bá mi rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú, nígbà tí èmi náà ṣì ń kọ́ ọmọdé, a ṣe eré yìí pẹ̀lú ọmọlangidi méjìlá. A dé ilé òkú, Romeo wọlé, àwọn ọmọ tó ń wòran bá dìde dúró, wọ́n ń pariwo pé, “Kò tíì kú o! Oorun ló ń sùn! Dúró!” Ọmọkùnrin tó di Romeo mú kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó yí ọmọlangidi náà sí wọn, ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Gbọ̀ngàn dà rú. Ẹ̀rín pa gbogbo ènìyàn, èmi nìkan ni mo ń sunkún lẹ́yìn aṣọ. Ẹ̀bi mi ni, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti jẹ́ kí àwọn ọmọlangidi máa bá òǹwòran sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí apìtàn bá àwọn ọmọ dá májẹ̀mú kó tó ṣí eré pé àwọn ará Verona kì í gbọ́ ohùn wa. Wọn yóò pariwo síbẹ̀síbẹ̀, ẹ má sì dá wọn lẹ́kun. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa gbọ́ wọn: àlùfáà John, tó wà lẹ́yìn igi fèrèsé. Bí wọ́n bá ń pariwo, kó máa gbé ìwé náà sókè hàn wọ́n, kó sì máa mi igi tí kò lè ṣí.

Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ẹ fi wọ́n sí kíláàsì mìíràn pẹ̀lú olùkọ́ wọn àti ààlọ́ tiwọn.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, olóòtú. Ẹja ni mo ń tà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe eré Romeo àti Juliet níléèwé wọn, Juliet gan-an ni wọ́n sì fún un. Ó délé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Màmá, Juliet kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó fi ní ọkọ.” Ara mi kò gbà á. Ṣé ààlọ́ ìjàpá ti tán nílẹ̀ ni, tó fi jẹ́ pé ìtàn àwọn tó fẹ́ra wọn láìsọ fún òbí, tí wọ́n sì kú, ni wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wa?
Ìyá ọlọ́mọ, Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Màmá wa, ẹ kú ọjà. Ọmọ yín kò parọ́: ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ ló kù kí Juliet pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bàbá rẹ̀ pàápàá kọ́kọ́ sọ fún Paris, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, pé ọmọ náà kéré, kó ní sùúrù ọdún méjì sí i, kí bàbá kan náà tó wá yí ohùn padà tó sì fi ìgbéyàwó sí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Nílẹ̀ wa lónìí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó. Mo fara mọ́ yín lórí èyí, mo sì ń fi àyè yìí sọ fún olùkọ́ pé kó yọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. Ọmọlangidi kò ní ọjọ́ orí, bí ẹ bá ṣe kùn ún ló ṣe máa rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jẹ́ àgbà tó tó ilé ní.

Àmọ́ lórí ààlọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀. Ààlọ́ wa kò rọ̀ bí a ṣe ń rántí rẹ̀. Olè ni ìjàpá, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń sọ ọ́ mọ́lẹ̀ tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwa sì ń fi ṣe ọ̀rọ̀ ìtura ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún rántí Olúrónbí, tó ṣèlérí ọmọ rẹ̀ fún Ìrókò nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣèlérí ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń kọ orin rẹ̀ láàárín agbo, bẹ́ẹ̀ ìtàn náà burú ju ti Romeo lọ bí ẹ bá rò ó dáadáa. Irú kan tí wọ́n ń sọ nínú ìtàn yẹn sì wà tó jẹ́ pé ọkọ Olúrónbí, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ló gbẹ́ ère ọmọ, tó fi aṣọ wọ̀ ọ́, tó sì gbé e fún Ìrókò dípò ọmọ gidi. Ọmọlangidi ti ń bá wa gba ibẹ̀ yẹn tipẹ́.

Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ lọ bá olùkọ́, kí ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo ìdánrawò kan, kì í ṣe ọjọ́ eré. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí ọmọ bá délé tó béèrè ìdí tí wọ́n fi kú, ẹ dá a lóhùn ní ṣókí: nítorí pé àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ń jà, nítorí pé ìwé kò dé, àti nítorí pé kò sí ẹni tó dúró di òwúrọ̀. Ẹ wá bi í pé, bí ìwọ bá wà nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ta ni wàá kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ dúró gbọ́ orúkọ tó máa dá. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ló dá, ẹ má bínú sí i. Ó ti sọ ohun kan fún yín nìyẹn. Bí ọmọ èyíkéyìí bá sì ń pa dà sórí ọ̀rọ̀ ikú lọ́jọọjọ́, yálà nítorí eré tàbí láìsí eré, ẹ má pè é ní àwàdà, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, àwọ̀n ni mo ń tún ṣe létí omi, mo sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀. Olùkọ́ kan ní kí n bá àwọn ṣe orí ọmọlangidi mẹ́jọ. Ìwé ìròyìn àti sítáàsì ni mo lò, ṣùgbọ́n òjò kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ, wọ́n bu, àwọn tó gbẹ sì wúwo. Nígbà tí àwọn ọmọ fi wọ́n ja ìjà Tybalt, orí méjì já bọ́. Mo tún fẹ́ béèrè bóyá kí n ṣe orí méjì fún Juliet, ọ̀kan tó lajú, ọ̀kan tó dijú.
Alátùn-únṣe àwọ̀n, etí ọ̀sà, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. O ti lẹ ìwé pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ìpele mẹ́ta ló tó, kí ìpele kọ̀ọ̀kan sì gbẹ pátápátá kí o tó lẹ òmíràn. Bí òjò bá ń rọ̀, gbé wọn kọ́ sókè ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, kí ooru àti èéfín máa fẹ́ sí wọn lára láti òkèèrè. Pépà àpò sìmẹ́ńtì lágbára ju ìwé ìròyìn lọ fún ìpele tó kẹ́yìn. Fi ewé efinrin tí o gún díẹ̀ sínú sítáàsì kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ohun tí ì bá sì dára jù fún inú orí náà wà lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́: àwọn fóòmù tó ń gbé àwọ̀n léfòó lójú omi. Èyí tó ti gbó, tí kò wúlò fún àwọ̀n mọ́, gé e bí ẹyin ńlá, kó tóbi ju ìkúùkù rẹ lọ díẹ̀, kí o lẹ ìwé bò ó. Orí tó fúyẹ́ kì í já lójú ìjà.

Ọrùn ni ó jẹ́ kí tìrẹ já. Ká páálí le dáadáa yí ìka ìfábẹ̀là ọmọ náà, kí ó wọlé dé ìdajì orí, kí etí rẹ̀ nísàlẹ̀ yọ síta díẹ̀ bí ìgbátí, kí o wá so aṣọ mọ́ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú okùn àwọ̀n. Wọn ìka àwọn ọmọ, má wọn tìrẹ. Kí aṣọ náà gùn dé ìgúnpá wọn, nítorí pé ọwọ́ ọmọ tó bá yọ lábẹ́ Tybalt yóò ba gbogbo iṣẹ́ rẹ jẹ́. Àwọn tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń fi okùn mú kí ère orí wọn máa mira. Bí o bá fẹ́ gbìyànjú irú rẹ̀, fi í sí ọwọ́ idà Tybalt nìkan. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé ọmọlangidi tó ń sọ̀rọ̀ ni kó máa mira, kí ìyókù dúró jẹ́ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òǹwòran kò ní mọ ẹni tí ohùn ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Orí kan ṣoṣo ni kí o ṣe fún Juliet, kí ó lajú. Mo mọ̀ pé èyí tó dijú yóò wù ọ́ láti ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe orí kan fún oorun, wọn yóò ní kí o ṣe òmíràn fún ikú, àwọn ọmọ yóò sì mọ ìyàtọ̀ láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Kí ẹni tó di í mú yọ ọwọ́ rẹ̀, kó yí ojú Juliet sí ògiri nígbà tó bá mu oògùn; nígbà tó bá kú ní òótọ́, kó tún ṣe bákan náà gẹ́lẹ́. Kí ohun tí òǹwòran bá rí má yàtọ̀ sí ohun tí Romeo rí.